Iṣẹ́ Ẹrú tí Mo Fi Tọmọ Jẹ́

Alága wa, Olóyè Bánkọ́lé, Ọlá yín, adájọ́ wa, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti Ìkẹ́rẹ́ àti Ìjàn wá, ẹ̀yin lọ́yà, ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ̀yin wọ́dà, Nọ́ọ̀sì Tinúọlá, Wúràọlá ìyàwó mi, tó ti kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ sunkún: mo kí yín, mo júbà. Màmá Comfort lẹ́bàá fèrèsé, n ó padà bá yín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n máa rìn bí mo ti ń sọ̀rọ̀. N kò mọ̀ bóyá mo yẹ fún àga ìfẹ̀yìntì tí ẹ gbé kalẹ̀ yìí.

Láti ìgbà tí mo ti jáde girama, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíràn ni mo fi ń jẹun. Iṣẹ́ ògbufọ̀ kóòtù nìyẹn: ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, n ó sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì fún adájọ́. Baba mi ló kọ́ mi pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo dì í mú. Bí ẹnìkan bá bú adájọ́, n ó yọ èébú kúrò. Bí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí bá wọ́, n ó nà án. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín! Akínlabí, ṣé kì í ṣe ìwọ lo sọ mí ní Télọ̀ Ọ̀rọ̀?

Ọdún kejì tí Èkìtì kúrò lára Oǹdó ni wọ́n mú Màmá Comfort wá. Wọ́n ní ó dáná sun abà iṣu àbúrò ọkọ rẹ̀. Adájọ́ ìgbà náà ní kí n bi í pé kí ló dé. Ó wojú mi, ó ní: “Olósùnta ló ké sí mi. Òtútù ń mú òkè náà. Mo ní kó yá uná díẹ̀ ni.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣé n wá jẹ́ kí wọ́n fi ìyá ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́? Mo bá tún un ṣe: “Òtútù ló mú un, Ọlá yín, ló fi dáná.” Ọ̀rọ̀ náà dán, ó dọ́gba. Adájọ́ ní ẹni tó mọ òtútù mọ ohun tí iná ń ṣe. Ó di ẹ̀wọ̀n.

Ibẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì Tinúọlá, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ti bá màmá tó bọ́ aṣọ ara rẹ̀ fi ń bo ògiri, kí òtútù má baà mú ògiri. Nọ́ọ̀sì wá mi wá. “Bọ̀dá, kí gan-an ni màmá yìí sọ?”

Mo ní, “Mo ti sọ ọ́ ní kóòtù.”

“Èyí tí ẹ rán nìyẹn. Ibi tó ti ya ni mò ń wá. Ibẹ̀ la fi ń mọ àìsàn.”

Ẹ má pè mí ní akọni o. Bí mo bá tún rí nọ́ọ̀sì lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà. Iṣẹ́ mi ni mò ń rò. Wúràọlá ló bi mí: “Bó bá jẹ́ èmi ńkọ́?”

Ọlá yín, ẹ̀yin lẹ ti dé orí àga nígbà náà. Mo wá jẹ́wọ́ fún yín, ẹ kò lé mi. Ẹ ní kí n sọ ọ́ bó ti rí. Mo sọ ọ́, tòun tòkè, tòun tòtútù. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jù yín lọ, wọ́n sì gbé màmá lọ sílé ìwòsàn. Láti ìgbà náà, bí ọpọlọ ẹni tí wọ́n mú wá kò bá pé, nọ́ọ̀sì ń jókòó tì mí, ìtọ́jú ló sì ń ṣáájú àtìmọ́lé.

Mo lọ wò ó níbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí àpáta Olósùnta nínú ìkùukùu òwúrọ̀, kò tó èyí: kí ọkàn èèyàn máa ti ọ̀nà jíjìn padà bọ̀ wálé! Lọ́jọ́ kan ó ní, “Ṣé Comfort ti jẹun?” Lọ́jọ́ mìíràn ó ní omi ọbẹ̀ wọn pọ̀ jù, nọ́ọ̀sì fò sókè bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́! Ta ló dá irú nǹkan báyìí sínú orí èèyàn? Ẹnu mi kò gbà á.

Akínlabí, ìwọ ló kù lórí àga mi. Èyí tó bá ya, gbé e dé yíya.

Kí orí wa má sọnù o. Bó bá sì sọnù, kó pàdé ẹni tí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ti rí. Kí Ọlọ́run sin kálukú délé.

Màmá Comfort, mo bẹ̀ yín lẹ́nu ọ̀nà lónìí pé kí ẹ dárí jì mí. Ẹ ní, “Mo gbọ́.” Ẹ kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ ti sọ ọ́ nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi; n kò tún un ṣe.

Ẹ ṣé o.