Agolo Fíìmù Mẹ́fà Tí Isidore Ṣọ́

Ẹ̀yin ará Lougba, ẹ̀yin tí ẹ ti Bantè àti Savalou wá, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìdúró tì wá. Èmi Antoinette, ẹ̀gbọ́n Isidore, ni mò ń sọ̀rọ̀. Òun ló yẹ kó sin mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ kí ẹ tó gbé e.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé sójà ni. Ogun àwọn Faransé gbé e dé Indoṣín, ní ilẹ̀ Éṣíà. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó máa ń ṣe sinimá. Ogun jó ilé iṣẹ́ rẹ̀, agolo fíìmù mẹ́fà péré ló kù. Ó kó wọn lé Isidore lọ́wọ́, ó ní, "Bá mi kó wọn lọ síbi tí kò sógun."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ bọ̀ wálé. Agolo ni tiẹ̀.

Ooru a máa ba fíìmù jẹ́. Isidore ri ìkòkò ńlá mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó kó wọn sínú rẹ̀, ó dé e. Láràárọ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, ó ń bu omi sí ilẹ̀ tó yí i ká kó lè tutù. Ẹ rántí ọdún tí odò gbẹ? Claudine, ìyàwó rẹ̀ tó jókòó yìí, pariwo: "Àwọn ọmọ ń wá omi mu, ẹ̀ ń fún ilẹ̀ lómi!" Kò bá a jà. Ó ń fi ẹsẹ̀ tí ogun bà jẹ́ tiro lọ pọn tiẹ̀ fúnra rẹ̀ ní kànga kan lọ́nà abúlé Bobè. Mo bú u. Ẹ̀yin náà bú u. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ níwájú òkú.

Onísinimá kan wá láti Savalou, ó fẹ́ gé lára fíìmù náà, kó fi lẹ tiẹ̀ tó já. Isidore ní, "Èmi kọ́ ni mo ni ín."

Onísinimá bi í pé, "Ṣé ìwọ fúnra ẹ ti wò ó rí?"

"Rárá."

Kò ní ẹ̀rọ tó máa fi wò ó, ẹ̀yin èèyàn mi! Ọdún márùn-ún ló fi ṣọ́ ohun tí kò rí.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́tà dé sọ́dọ̀ àlùfáà Àgùdà. Bàbá náà ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń wá Isidore. Wọ́n ti kọ́ ilé kan tí wọ́n ń tọ́jú fíìmù àtijọ́ sí nílùú wọn, kò sì sí ẹyọ kan tí bàbá rẹ̀ ṣe níbẹ̀. Isidore gbé agolo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé itan nínú ọkọ̀ ẹrù dé Kútọnu, ó fi wọ́n ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Kò gbúròó wọn mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kú. Lánàá, Ọjọ́bọ̀, lẹ́tà kejì dé. Àlùfáà kà á fún mi. Agolo méjì ti bàjẹ́, mẹ́rin dára. Obìnrin náà ní ọmọ ọwọ́ lòun wà nígbà tí ìyá òun kú, fọ́tò rẹ̀ kankan ò sì ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ìyá náà dá a mọ̀ nínú fíìmù, ó ń sọdá afárá, ó ń rẹ́rìn-ín.

Isidore, ìwọ ni wọ́n kọ lẹ́tà náà sí, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ fún ẹ. Obìnrin náà rí ìyá rẹ̀. Máa lọ ní àlàáfíà, àbúrò mi.