Ọba Tó Fẹ́ Ṣẹ́gun Lọ́jọ́ Ìkórè

Nínú takisí tí mo wọ̀ lọ sí Ìrẹ̀lẹ̀ láti Òkìtìpupa ni ìyá kan tó wọ sùtánà funfun ti ń bá ọkùnrin kan jà nítorí eré ìkórè ìjọ wọn. Ọkùnrin náà ni yóò ṣe ọba Mùsùlùmí tó bá àwọn Kristẹni òkèèrè du Jerúsálẹ́mù láyé àtijọ́.

"Mọ̀mí, bí ẹ bá ní kí n pàdánù, ẹ wá ẹlòmíràn. Ọba yẹn ló gba ìlú."

Òótọ́ ló sọ. Mo ṣèdánwò lórí ogun yẹn ní yunifásítì, nígbà tí irun mi ṣì dúdú.

"Kí Mùsùlùmí wá nà wá nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, lọ́jọ́ ìkórè? Wòlíì á lé mi!"

"Ẹ jẹ́ n ṣẹ́gun ná. Ọba yẹn dá ọ̀pọ̀ Kristẹni tó mú lẹ́rú sílẹ̀. Èmi náà á dá yín sílẹ̀."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n tètè dá wa sílẹ̀ kí pupuru àsè ìkórè tó tutù."

Gbogbo ìwé tí mo kà lórí ogun yẹn, kò sí èyí tó rántí oúnjẹ.