Ìlà Omi Tí Mo Fi Sìmẹ́ńtì Bò

Ọmọ mi, fi ẹrù tí o ń dì yẹn sílẹ̀ ná, fa àpótí mọ́ra, jókòó. Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún ọkọ rẹ láàárọ̀ nípa yàrá etí odò tí ẹ fẹ́ kó lọ. O rò pé mo ti sùn. O ní, “Orí kunkun ló pa ìyá mi, kì í ṣe omi. Èmi á tètè jáde ní tèmi.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú mi lẹ́nu. Dókítà ti ní kí n má fọkàn sí ọjọ́ gígùn mọ́, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọlẹ̀ kó tún wá pa ìwọ náà.

Kí wọ́n tó bí mi ni odò yẹn ti kún rí. Ilé kan ṣoṣo ló dúró létí rẹ̀. Nígbà tí omi fà, bàbá mi, tó jẹ́ bíríkìlà bíi tèmi, fi ìṣó fa ìlà sára ògiri yàrá náà níbi tí omi dé. Nígbà tí mo dàgbà, ibi àyà mi ni ìlà náà dé. Nígbà tó ń kọ́ mi níṣẹ́, ó ní, “Rẹ́ ilé yẹn bó ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n má rẹ́ ìlà omi.” Ẹni tó bá fẹ́ gba yàrá náà, ẹ̀gbẹ́ ìlà ni wọ́n á kọ́kọ́ mú un dúró sí.

Lẹ́yìn tí bàbá rẹ kú, mo fẹ́ kí ìyá rẹ wá máa gbé nítòsí mi. Àbúrò kan ṣoṣo tí mo ní ni. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, níbi tó jìnnà sódò, ni wọ́n ti tọ́ ìyá rẹ dàgbà, ó sì bẹ̀rù omi ju ológbò lọ. Mo mọ̀ pé tó bá fojú kan ìlà yẹn, ọ̀dọ̀ ẹbí ọkọ rẹ̀ ni yóò gbà lọ. Mo bá po sìmẹ́ńtì, mo fi rẹ́ ògiri náà. Onílé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Bíríkìlà, ìlà ńkọ́?” Mo ní, “Odò yẹn ti darúgbó.” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín òmùgọ̀.

Ìyá rẹ dé, ó fọwọ́ pa ògiri. “Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ yín mà dán o. Ṣé omi kì í dé ibí?”

“Omi wo? Àfi èyí tí o bá fi fọ ilẹ̀.”

Ọ̀sán ni omi dé, o wà nílé ìwé. Aránṣọ tó wà ní yàrá kejì kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí pé kó jáde. Ìyá rẹ ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ló rẹ́ ògiri yìí, ó ní omi kì í dé ibí. Ẹ jẹ́ n kó aṣọ ọmọ mi sókè ná.” Aránṣọ ló sọ ọ́ fún mi, ó ń sunkún.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Níbi ìsìnkú, wọ́n bi mí pé kí ló dá a dúró. Mo ní, “Olóríkunkun ni. Mo kìlọ̀ fún un títí.” Onílé wò mí, ó wolẹ̀. Òkú kò lè fèsì. O dúró tì mí, o di aṣọ mi mú, o gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yẹn lo gbé dàgbà, títí o fi ń fi ìyá rẹ bá àwọn ọmọ rẹ wí.

Ìyá rẹ kì í ṣe olóríkunkun. Ó gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ni. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Bí kò bá ṣeé ṣe lónìí, mi ò ní bínú.

Òòlù mi wà lábẹ́ ibùsùn. Gbé àbíkẹ́yìn rẹ dání, kí o lọ fọ́ sìmẹ́ńtì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá tí ẹ fẹ́ kó lọ yẹn dànù. Wàá bá ìlà níbẹ̀. Gbé ọmọ náà dúró tì í, kí o wo bí ìlà náà ṣe ga ju orí rẹ̀ lọ tó. Lẹ́yìn náà, bó bá ṣì wù ọ́, kí o wá parí ẹrù rẹ.