Ohun Tí Mo Ṣe sí Lọ́yà Àjà Kẹrin

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìwé tó yẹ kí n kà fún yín lónìí lórí iṣẹ́ tí mo kọ́, mo ti ká a sápò. Ẹnu ń yún mi, bí mi ò bá sì sọ ọ́ báyìí, inú mi lè bẹ́. Ẹ mọ̀ pé níléèwé wa, kálukú ló ń yan iṣẹ́ àkànṣe tirẹ̀, tó sì ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Dádì mi ní ọ̀dọ̀ lọ́yà ni kí n lọ, torí ẹnu mi kì í dákẹ́. Irọ́ ni mo fi ẹnu náà pa.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní lífítì ti bàjẹ́, ni mo bá ń gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà ní àjà kẹrin. Ní àjà kejì, mo bá ilẹ̀kùn lífítì ní ṣíṣí. Obìnrin kan dúró lórí òrùlé lífítì nínú ihò tí lífítì ń gbà, gíríìsì kún ọwọ́ rẹ̀, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo okùn irin. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣé okùn yìí nìkan ló ń gbé èèyàn mẹ́jọ ròkè?" Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, ọmọ mi. Irin wúwo kan wà lẹ́yìn. Bí lífítì bá ń gòkè, irin yẹn á máa sọ̀ kalẹ̀. Dúró síbẹ̀, wò ó." Háà! Mo wò ó, orí mi wú! Mi ò dé àjà kẹrin lọ́jọ́ náà, mi ò sì débẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án.

Mo purọ́ fún obìnrin náà, Ìyá Onílífítì, pé iléèwé ló ní kí n wá bá a. Èmi ni mò ń buwọ́ lu ìwé ìkọ́ṣẹ́ bí ẹni pé lọ́yà ni. Inú mi sì ń dùn, ẹ má bi mí! Èmi tí mò ń sùn nídìí ìṣirò di ẹni tó ń jí ní ìdájí láti ṣírò ìwọ̀n tí okùn lè gbé. Èyí tó burú jù ló kù. Lọ́yà pe iléèwé pé òun ò rí ọmọ kankan. Tíṣà wa bi mí, mi ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Mo ní, "Wọ́n ń purọ́ ni mà. Ilẹ̀ ni wọ́n ń ní kí n gbá. Wọ́n ń pè mí ní òpònú." Mo tún sunkún sí i, ọ̀dájú ọmọ! Ni wọ́n bá yọ orúkọ lọ́yà kúrò láàárín àwọn ọ̀gá tó ń tọ́ wa sọ́nà.

Wọ́n ní bí irọ́ sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á lé e bá. Tèmi ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo ṣì ń yọ́ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Onílífítì, lífítì há láàárín àjà kẹta àti ìkẹrin. Ìyá Onílífítì sáré lọ sídìí ẹ̀ńjìnnì lókè, ó ní, "Máa bá ẹni tó wà nínú ẹ̀ sọ̀rọ̀, kẹ́rù má bà á." Ohùn bàbá kan ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní ọmọ iléèwé tó ń kọ́ṣẹ́ ni. Ó mí kanlẹ̀. "Wọ́n fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí èmi náà. Mo ra tábìlì fún un, mo gbé e síbi fèrèsé. Wọ́n ní mo bú u. Títí dòní, mi ò mọ ojú ẹ̀." Mo di ilẹ̀kùn mú. "Sà, èmi ni. Èmi ni mo parọ́ mọ́ yín." Ó wá ní, "Ẹ kọ́kọ́ yọ mí jáde ná. Bí mo bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, màá bínú."

Ó jáde, ó wò mí títí. "Gbangba lo ti bà mí lórúkọ jẹ́. Gbangba náà ni kó o ti tún un ṣe." Lọ́yà náà ló jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn. Ìyá Onílífítì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àtìgbà tó ti gbọ́ irọ́ mi, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ju "gbé sípánà wá" lọ. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ dá orúkọ lọ́yà padà. Bí ẹ bá máa gba máàkì mi, ẹ gbà á. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má fi irọ́ wá ọ̀nà lọ síbi tí ọkàn yín wà. Orí ẹlòmíì lẹ máa tẹ̀ kọjá. Lọ́yà, sà, mo kúnlẹ̀, ẹ foríjì mí. Dádì, ẹ má tíì dìde. Ká ní mo ti sọ gbólóhùn kan ṣoṣo látijọ́, gbogbo èyí ì bá má ti ṣẹlẹ̀. Ó di báyìí kí n tó lè sọ ọ́: mi ò fẹ́ ṣe lọ́yà, Dádì. Iṣẹ́ lífítì ló wù mí.