Ọbẹ̀ Tí Kò Jọ Tìyá

Nídìí ẹ̀rọ ata ní Ọjà Igbó ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ aránṣọ kan àti ìyá àgbà tó tò sẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá, ìkòkò ọbẹ̀ ńlá kan ni mò ń sè ní Sọ́ńdè, òun la ó máa jẹ dé Fúráìdè. Ẹ̀kọ lónìí, ẹ̀bà lọ́la. Àwọn ọmọ á gbé ọbẹ̀ kaná kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù dé."

Ìyá mí kanlẹ̀. "Bí mo ṣe ṣe é náà nìyẹn, nígbà tí mò ń ná ọjà Ìrẹsà. Ebi ò pa àwọn ọmọ mi o. Àmọ́ ọmọ mi obìnrin ti ilé ọkọ wá kí mi, mo se ọbẹ̀ tuntun fún un. Ó tọ́ ọ wò, ó ní, 'Ìyá, kò jọ tiyín.' Ló bá gbé e padà sórí sítóòfù títí ó fi fẹ́ jóná. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ẹ̀n-ẹ́n, tiyín nìyí.'"

Ó gbé abọ́ ata rẹ̀ mọ́yà.

"Ọbẹ̀ àná lọmọ mi mọ̀ mí mọ́."