Ọjọ́ Tó Bá Àkùkọ Jà

Àbí ẹ gbọ́ irú èyí rí, Àǹtí Kẹta! Èmi Yanxia, tí mo fi èjìká mi ru iyanrìn ilé tuntun yẹn láti etí odò, èmi ni wọ́n ní kí n wá fara pamọ́ sí ilé ìdáná yín, kí n kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé bí olè, nítorí pé, nínú ọdún ẹranko méjìlá wa, ọdún àkùkọ ni wọ́n bí mi! Ẹ dúró ná, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé ọjọ́ ló kọ̀ mí. Ọjọ́ kọ́ o! Ènìyàn ni!

Ẹ sún ìyẹ̀fun ìrẹsì yẹn mọ́ mi, kí n máa bá yín yí i róbótó róbótó. Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, ẹkún ni màá sun. Omi yẹn ti fẹ́ hó. Ẹ má fi gáàsì yín kún un o, ẹyin iná ààrò Màmá ni mo bù wá síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí mo ń dá iná tí wọ́n máa gbé láti ààrò àtijọ́ lọ sílé tuntun. Mi ò lè jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lọ tán.

Ọjọ́ méjì ni bàbá tó ń wo ìwé ọjọ́ mú jáde fún wọn. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mò ń bu tíì. Ó ní ọjọ́ méjèèjì dáa fún kíkó wọ ilé. Ọjọ́ ẹṣin ni àkọ́kọ́, àwọn tí wọ́n bí lọ́dún eku ni kò fẹ́. Èkejì, ọjọ́ ehoro, àwọn tí wọ́n bí lọ́dún àkùkọ ni kò fẹ́. Ẹni tí ọjọ́ bá kọ̀ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ fojú kàn án, títí wọn yóò fi wọlé tán. Ó dáa. Ta wá ni eku nínú ilé wa? Bàbá wa kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Guodong kọ́. Ìyàwó rẹ̀ kọ́, ọmọ wọn kọ́. Ìyá ìyàwó ni! Ìyá ìyàwó Guodong, tó ń gbé ìlú tiẹ̀ lọ́hùn-ún, tí kò gbé bíríkì kan ṣoṣo rí, tó jẹ́ pé oúnjẹ ló ń bọ̀ wá jẹ! Ìyàwó Guodong bá rọra gbé ife kalẹ̀, ó ní, "Ọjọ́ ehoro yẹn ló wù mí, Sọ́ńdè ló bọ́ sí." Gbogbo wọn mi orí. Bàbá ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ní kí ni? Pé kí n ní sùúrù, pé títí di ọ̀sán péré ni? Ṣé ẹ̀yin náà sùúrù ni ẹ ń ní, àbí torí pé opó ni yín ni wọn ò ṣe pè yín? Ẹ má bínú, ẹnu mi ló yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò wá, àwa méjì, tí a ń ṣe oúnjẹ ilé tí a ò gbọdọ̀ wọ̀.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sán nìkan! Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n to bẹ́ẹ̀dì sílé tuntun, mo dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, mo ń kà á. Ti Bàbá gòkè. Ti Guodong àti ìyàwó rẹ̀ gòkè. Ti ọmọ wọn. Lẹ́yìn náà ọ̀kan ńlá tí wọ́n tẹ́ aṣọ pupa lé, ti ìyá ìyàwó, nígbà tó bá ṣèbẹ̀wò! Tèmi ńkọ́? Ó wà nínú ilé àtijọ́ títí di ìsinsìnyí, ilé tí wọ́n máa wó lóṣù tó ń bọ̀. Mo bi Guodong, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ náà ò ní pẹ́ lọ sílé ọkọ." Ọkọ wo? Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n! Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́jú Màmá lórí àìsàn títí ó fi kú, Guodong wà ní ìlú Xiamen lọ́hùn-ún. Èmi ni mo po sìmẹ́ńtì. Èmi ni mo lẹ táìlì ilé ìdáná, èyí tó wà lẹ́yìn ààrò wọ́ díẹ̀, ọwọ́ mi ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀run lójú!

Ẹ gbọ́, ariwo yẹn ńkọ́? Ẹ bá mi yọjú. Bàbá ló ṣíwájú, ó gbé àwo tùràrí àwọn baba ńlá wa? Ìyàwó gbé garawa ìrẹsì, Guodong gbé àdògán tí iná Màmá wà nínú rẹ̀. Ìyá ìyàwó ńkọ́? Ó gbé ìgbálẹ̀ tuntun, ó ń rẹ́rìn-ín? Kó máa rín in.

Kí ló dé tí wọ́n dúró? Iná kú? Lẹ́nu ọ̀nà? Yéè! Mo sọ fún Guodong láàárọ̀ yìí pé kó má fi eérú bò ó jù!

Ta ló ń kanlẹ̀kùn? Guodong? Dúró síbẹ̀, mo ti kọ ẹ̀yìn sí ọ. Iná lo fẹ́? Iná ilé wa wà níbí, òun ló ń se oúnjẹ yín. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn níwájú Àǹtí Kẹta kí o tó mú un: yàrá wo ni bẹ́ẹ̀dì mi ń lọ?

Ẹ gbọ́ ọ? Ó ní wákàtí rere ń kọjá lọ. Ó ní, "Jọ̀ọ́, Yanxia."

Kó o. Kó o, máa lọ! Kí ni mo fẹ́ ṣe, kí n jẹ́ kí iná Màmá kú? Fara bò ó, afẹ́fẹ́ wà níta. Kí lo tún wí? Kí n má sọ fún ìyá ìyàwó rẹ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti wá?

Iná náà ti wọlé? Wọ́n ti yin bánga, mo gbọ́ ọ. Hà! Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín, Àǹtí Kẹta, ẹ má dì mí mú. Èjìká mi ò bá ọjọ́ jà nígbà iyanrìn. Ọwọ́ mi ò bá a jà, ó ń dáná fún wọn. Ojú mi nìkan ló bá a jà! Hà-hà!

Omi ti hó, ẹ da oúnjẹ wọn sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní mo lè wá kí wọn. Àlejò kì í sì í wọ ilé tuntun lọ́wọ́ òfìfo, àbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ọ̀pẹ òyìnbó kan nínú agbọ̀n yín yẹn, kí n fi wọ ilé tí mo kọ́.