Páúdà Ọrùn Ìyá Àgbà

Iwájú takisí tó ń lọ sí Dùgbẹ̀ láti Challenge ni mo jókòó sí, tí mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan àti ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọn ò mọra wọn rí, lẹ́yìn mi.

Ọ̀dọ́bìnrin náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ má bínú o, páúdà ọrùn yín ti ń dà sára aṣọ. Àbí ooru ló ń yọ yín lẹ́nu?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ti ooru kọ́, ọmọ mi. Ọmọbìnrin mi ló bímọ láàárọ̀ yìí."

"Háà! Ẹ kú oríire o, mà! Ẹ kú ewu ọmọ!"

"A dúpẹ́. Ṣé o mọ ẹni tó pa á fún mi? Ará ilé wa kan ni. Òun náà bímọ láìpẹ́ yìí, ọmọ ọ̀hún ò dúró. Nígbà tí ìròyìn tiwa dé, mo ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo, kó má baà gbọ́. Àfi ìgbà tó kanlẹ̀kùn, tòun ti agolo páúdà tó ti rà sílẹ̀ de ọmọ tirẹ̀. Ó dà á sí mi lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, 'Màmá, ẹkún tèmi ò ní kí n má bá yín yọ̀.'"

Ìyá náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ṣé irú páúdà yẹn lèèyàn ń nù? Bí mo ṣe ń dúpẹ́ ọmọ ni mò ń dúpẹ́ rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi pa tirẹ̀ fún un."

"Àmín o," ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí. Dẹ́rẹ́bà náà ṣàmín. Èmi tí wọn ò bá sọ̀rọ̀, mo ṣe é kíkankíkan.